Thomas Edison

Thomas Alva Edison (ọjọ́ 11 oṣù Kejì, ọdún 1847 – ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá, ọdún 1931) jẹ́ aṣẹ̀dá ẹ̀rọ àti oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ gílóòbù iná mànàmáná, ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì tún un sọ, àti ilé iṣẹ́ tí ń pín iná fún àdúgbò. Ìwé-ẹ̀rí ìṣẹ̀dá tí ìjọba Amẹ́ríkà fún un jẹ́ 1,093. Iṣẹ́ kan wà tí ó gbà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ó ti di olókìkí, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà dárúkọ: ṣíṣe bátìrì tí a lè ṣáàjì léraléra tí kò sì ní tètè kú. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1899. Ní ọdún 1904, ó dá ilé iṣẹ́ bátìrì rẹ̀ dúró, ó sì gba àwọn bátìrì tí ó ti tà padà, nítorí pé wọ́n ń kú ṣáájú àsìkò. Ọdún 1909 ni ó tó gbé òmíràn tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn jáde.

Ìgbà èwe

Wọ́n bí Edison ní ìlú Milan, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje tí Samuel Edison àti aya rẹ̀, Nancy Elliott, bí. Ní ọdún 1854, ẹbí náà kó lọ sí Port Huron ní ìpínlẹ̀ Michigan. Kò pẹ́ ní ilé ìwé rárá. Ìyá rẹ̀, tí ó ti ṣe olùkọ́ rí, ni ó kọ́ ọ ní ìwé nílé. Etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di láti kékeré, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di adití pátápátá nígbà tí ó dàgbà.

Nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, ó ń ta ìwé ìròyìn àti mindin-mín-ìndìn nínú ọkọ̀ ojú irin tí ń ná Port Huron sí Detroit. Ó kó ìgò kẹ́míkà rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹrù, ó ń dán oríṣiríṣi nǹkan wò níbẹ̀, ó sì ń tẹ ìwé ìròyìn tirẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà. Ní ọdún 1862, ó fa ọmọ kékeré kan kúrò lójú irin kí ọkọ̀ tó dé bá a. Bàbá ọmọ náà, tí ó jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ ní Mount Clemens, san oore náà padà nípa kíkọ́ ọ ní iṣẹ́ wáyà.

Iṣẹ́ wáyà

Wáyà ni àwọn àgbà Yorùbá ń pe tẹlígíráàfù, èyí tí í ṣe fífi iná mànàmáná gba inú okùn irin ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ilé iṣẹ́ tí ń pín iná fún ilé. Bátìrì ni ó gbé gbogbo iṣẹ́ wáyà ró. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí kò lè ṣe aláìmọ̀ nípa bátìrì. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí agbára rẹ̀ ń tán, ó sì gbọ́dọ̀ lè tún un ṣe. Ibẹ̀ ni Edison ti kọ́kọ́ mọ bí bátìrì ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí ó ṣe ń bàjẹ́.

Láti ọdún 1863, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ wáyà. Iṣẹ́ òru ni ó máa ń yàn, kí ó lè ráyè ka ìwé kí ó sì dán nǹkan wò. Ní Louisville, ní ọdún 1867, ásíìdì inú bátìrì òjé dà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní òru ọjọ́ kan. Ásíìdì náà jò gba àárín pákó ilẹ̀ bọ́ sórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì.

Ó gba ìwé-ẹ̀rí ìṣẹ̀dá àkọ́kọ́ ní ọdún 1869, fún ẹ̀rọ tí yóò máa ka ìbò àwọn aṣòfin. Àwọn aṣòfin kò fẹ́ ẹ̀rọ náà, kò sì rí i tà. Lẹ́yìn èyí, ó kó lọ sí New York, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Newark, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ní ọdún 1874, ó ṣe ẹ̀rọ tí ó lè fi iṣẹ́ mẹ́rin ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lórí okùn wáyà kan ṣoṣo.

Ohùn àti iná

Ní ọdún 1876, Edison kọ́ yàrá ìwádìí sí Menlo Park, ní New Jersey, ó sì kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti onímọ̀ jọ síbẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún 1877, ó ṣe ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀, èyí tí a ti ara rẹ̀ dé orí giramafóònù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1879, gílóòbù rẹ̀ tan fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìjó kú. Àwọn mìíràn, bí Joseph Swan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ṣe gílóòbù ní àkókò kan náà. Ohun tí ó gbé Edison yọ ni pé ó ronú nípa gbogbo ohun tí gílóòbù nílò: ẹ̀rọ tí ń ṣe iná, okùn tí ń gbé e, àti mítà tí ń wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1882, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní òpópónà Pearl, ní New York, bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná fún àwọn oníbàárà.

Iná tí kì í yí ọ̀nà padà ni Edison ń pín, irú èyí tí ń jáde láti inú bátìrì. George Westinghouse àti àwọn mìíràn ń ta irú tí ń yí ọ̀nà padà, èyí tí ó rọrùn láti gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìjà ọjà yìí le, Edison ni ó sì pàdánù. Ní ọdún 1892, wọ́n da ilé iṣẹ́ iná rẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn, wọ́n sì sọ ọ́ di General Electric, tí kò sí orúkọ rẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ó ti kó lọ sí yàrá ìwádìí tuntun tí ó tóbi jù ti àtijọ́ lọ ní West Orange, ní New Jersey, láti ọdún 1887. Ní àwọn ọdún 1890, ó ná owó tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là sórí fífi òòfà yọ irin lára òkúta. Iṣẹ́ náà kùnà, owó náà sì ṣòfò.

Iṣẹ́ bátìrì

Ìdí tí ó fi dáwọ́ lé e

Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe bátìrì òjé àti ásíìdì, tí í ṣe bátìrì àkọ́kọ́ tí a lè ṣáàjì, ní ọdún 1859. Irú rẹ̀ ni a ṣì ń lò nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ títí di òní. Edison kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wúwo, ásíìdì inú rẹ̀ ń jẹ irin tí ó wà láyìíká rẹ̀, bí a bá sì fi í sílẹ̀ láìṣáàjì, ohun funfun líle kan á dì mọ́ òjé náà, tí kò ní jẹ́ kí ó gba agbára bí ó ti yẹ mọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1900, ọkọ̀ oníná mànàmáná, ọkọ̀ tí ooru omi ń wà àti ọkọ̀ elépo bẹntiróòlù ń figagbága ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ oníná kì í pariwo, kì í rùn, kò sì nílò ẹni tí yóò yí irin kí ó tó lè ta. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó tóbi ni bátìrì. Edison gbà pé bí òun bá rí bátìrì tí ó fúyẹ́ tí ó sì pẹ́, ọkọ̀ oníná ni yóò borí. Ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà ní ọdún 1899, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 50 ọdún, tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù owó rẹ̀ lórí irin.

Ó pa ásíìdì tì, ó sì yan omi potassium hydroxide dípò rẹ̀. Omi yìí jẹ́ ìbátan omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú: ó ń ta ọwọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ irin. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe fún un láti fi irin ṣe àpótí bátìrì. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdánwò, òun àti àwọn onímọ̀ kẹ́míkà rẹ̀ yan níkẹ́lì fún ẹsẹ̀ kan bátìrì, wọ́n sì yan irin fún ẹsẹ̀ kejì. Ní àkókò kan náà, Waldemar Jungner ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Swídìn, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn jà lórí ẹni tí ó ni ìwé-ẹ̀rí ìṣẹ̀dá.

Bátìrì tí ó kú ṣáájú àsìkò

Ní ọdún 1901, Edison dá Edison Storage Battery Company sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta bátìrì ní ọdún 1903. Ó ti polongo káàkiri pé ìṣòro bátìrì ti tán, àwọn ìwé ìròyìn sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà. Kò pẹ́ tí ẹ̀sùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn bátìrì kan ń jò lójú ibi tí wọ́n ti jó irin wọn pọ̀. Àwọn mìíràn kò jò rárá, ṣùgbọ́n agbára tí wọ́n lè gbà sára ń dín kù díẹ̀díẹ̀, tí ọkọ̀ tí ó ti ń rìn jìnnà tẹ́lẹ̀ kò fi lè dé ìdajì ọ̀nà mọ́.

Lójú oníṣòwò, ọ̀nà méjì ni ó wà. Ó lè máa ta bátìrì náà lọ, nítorí pé àwọn kan ṣì ń rà á, tàbí kí ó dá iṣẹ́ dúró. Ní ọdún 1904, Edison dá iṣẹ́ dúró. Ó gba bátìrì tí kò dára padà lọ́wọ́ àwọn tí ó rà á, ó sì padà sí yàrá ìwádìí. Àwọn òṣìṣẹ́ bí 450 ni ó wà ní ilé iṣẹ́ náà ní àkókò yẹn. Nígbà tí owó ilé iṣẹ́ náà tán, owó ara rẹ̀ ni ó fi ń bá a lọ.

Wíwá ibi tí àṣìṣe wà gba ọdún márùn-ún. Nígbà tí wọ́n tú àwọn bátìrì tí ó kú wò, wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ níkẹ́lì ni ó ní ìṣòro. Wọ́n ti po níkẹ́lì náà mọ́ gíráfáìtì, ohun dúdú tí ó wà nínú pẹ́ńsù, kí iná lè gba ara rẹ̀ kọjá. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣáàjì bátìrì, níkẹ́lì náà ń wú. Bí a bá lò ó, ó ń sún kì. Wíwú àti sísúnkì yìí, pẹ̀lú bí gíráfáìtì fúnra rẹ̀ ṣe ń bàjẹ́, mú kí apá kan inú bátìrì já kúrò lára èkejì. Agbára ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iná kò rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bátìrì ti ọdún 1909

Jonas Aylsworth, olórí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Edison, kó ipa pàtàkì nínú àtúnṣe náà. Wọ́n yọ gíráfáìtì kúrò, wọ́n sì fi pẹlẹbẹ níkẹ́lì tí ó fẹ́lẹ́ gidigidi rọ́pò rẹ̀. Láti rí pẹlẹbẹ yìí, wọ́n máa ń fi iná mànàmáná da bàbà àti níkẹ́lì bo ara wọn ní ìpele-ìpele, wọn á gé e wẹ́wẹ́, wọn á sì yọ́ bàbà náà kúrò. Wọ́n ki níkẹ́lì náà sínú páìpù irin tí ó ní ihò wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi òrùka irin dè é yípo kí wíwú má baà ya á. Edison tún rí i pé bí a bá fi lithium hydroxide díẹ̀ sínú omi bátìrì, agbára rẹ̀ á pọ̀ sí i, á sì pẹ́ sí i.

Kí wọ́n tó tà á, wọ́n dán an wò gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ bà á jẹ́. Wọ́n kó bátìrì sínú ọkọ̀, wọ́n wà á ní ojú ọ̀nà gbágungbàgun. Wọ́n jù ú sílẹ̀ láti òkè ilé. Wọ́n ṣáàjì rẹ̀, wọ́n sì lò ó tán léraléra láti ka iye ìgbà tí yóò fara dà á. Bátìrì tí ó jáde ní ọdún 1909 lè wà lófo fún ọ̀pọ̀ oṣù láìbàjẹ́. Bí a bá ṣáàjì rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kò ní kú. Ohun tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín kò ju pé kí ó máa bu omi sí i, kí ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn dé ibi tí ó wà. Àwọn mìíràn nínú wọn ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjà tí ó ti yí padà

Nígbà tí bátìrì náà fi dára, ìdí tí ó fi ṣe é ti ń yẹ̀. Henry Ford, tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti gbé ọkọ̀ elépo tí owó rẹ̀ kò wọ́n jáde ní ọdún 1908. Ní ọdún 1912, ọkọ̀ Cadillac ní ẹ̀rọ tí ń fi bátìrì ta ọkọ̀ elépo, tí kò fi sí ìdí láti yí irin mọ́. Bátìrì òjé ni ẹ̀rọ náà ń lò, nítorí pé bátìrì Edison kò lè tu agbára púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pàápàá nígbà òtútù. Edison àti Ford gbìyànjú láti ṣe ọkọ̀ oníná tí kò wọ́n ní ọdún 1914, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i.

Síbẹ̀, bátìrì náà rí ọjà níbòmíràn. Wọ́n lò ó fún iná àmì ojú irin, ọkọ̀ akẹ́rù inú ìgboro, fìtílà orí fìlà àwọn awakùsà àti iná inú ọkọ̀ ojú irin. Ó wà lára ọjà tí ó mú èrè wá fún Edison jù lọ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1916, gáàsì háídírójìn tí ó jáde lára bátìrì rẹ̀ bú gbàmù nínú ọkọ̀ abẹ́ omi E-2 ní ibùdó ọkọ̀ ojú omi ológun ní Brooklyn, ó sì pa ènìyàn. Ìjàǹbá yìí ba orúkọ bátìrì náà jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ológun ojú omi. Ilé iṣẹ́ bátìrì náà wà títí di ọdún 1972 tí wọ́n tà á fún Exide, tí òun náà sì jáwọ́ nínú ṣíṣe é ní ọdún 1975.

Ìgbéyàwó àti ẹbí

Edison fẹ́ Mary Stilwell ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1871. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta: Marion, Thomas àti William. Mary kú ní ọdún 1884. Ní ọdún 1886, ó fẹ́ Mina Miller, tí ó bí Madeleine, Charles àti Theodore fún un. Charles di gómìnà ìpínlẹ̀ New Jersey lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ alẹ́ àti ikú

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1914, iná jó ọ̀pọ̀ ilé nínú ọgbà ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní West Orange, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn kọ́ lọ́gán. Ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ń gba àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà nímọ̀ràn láti ọdún 1915. Ní ọdún 1928, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá. Ó kú sí ilé rẹ̀ ní West Orange ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1931, ní ẹni ọdún 84. Yàrá ìwádìí rẹ̀ ti di ibi ìrántí tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń tọ́jú.

Bátìrì lẹ́yìn Edison

Bátìrì inú kọ̀ǹpútà alágbèéká àti fóònù òde òní kì í ṣe irú ti Edison. Lithium-ion ni, tí ilé iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Jàpáànù kọ́kọ́ gbé sórí àtẹ ní ọdún 1991. Ó fúyẹ́, kì í jò, a kì í sì í bu omi sí i. Gíráfáìtì tí ó da Edison láàmú ni ó wà ní ẹsẹ̀ kan rẹ̀. Ìṣòro tí ó ní pẹ̀lú ti ọdún 1903 sì jọra: agbára tí ó lè gbà sára ń dín kù díẹ̀díẹ̀, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é.

Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí ń tètè pa á. Bátìrì Edison lè fara da kíkún àkúnjù àti òfo. Lithium-ion kò lè fara da méjèèjì. Bí ó bá wà ní kíkún fún ìgbà pípẹ́, pàápàá nínú ooru, omi inú rẹ̀ á máa bá gíráfáìtì jà, èèpo tí ó bo gíráfáìtì náà á nípọn sí i, lítíọ̀mù tí ó há sínú rẹ̀ kò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bí a bá gbé e sílẹ̀ lófo fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè má gba iná mọ́ rárá. Kódà, èyí tí a kò lò ń dàgbà. Nítorí náà, bátìrì tí ó ti pẹ́ nínú páálí ní ìsọ̀ kì í ṣe tuntun mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ibi tí iná ìjọba kò dé déédéé. Ní etí òkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Araromi wà, jẹnẹrétọ̀ àti iná oòrùn ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ bá lo kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí ó fi kú, tí ó sì dúró de ìgbà tí wọn yóò tan jẹnẹrétọ̀, tí ó wá fi í sórí iná di òwúrọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí atẹ́gùn kò ti ráyè wọ inú rẹ̀, ó ti kó òfo, kíkún àti ooru jọ lórí bátìrì kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun pẹ̀lú ń jẹ irin ojú ihò tí a ń ki okùn ṣáàjì bọ̀.

Láti mú kí irú bátìrì yìí pẹ́, a kì í jẹ́ kí ó kú pátápátá kí a tó ṣáàjì rẹ̀. Kí ó wà láàárín ìdá 20 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dára jù. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní ètò tí a lè fi dá ṣáàjì dúró ní 80, èyí sì wúlò fún ẹni tí kì í yọ okùn. Orí tábìlì tàbí pákó ni ó yẹ kí kọ̀ǹpútà wà, kì í ṣe orí ìrọ̀rí, a kì í sì í fi í sílẹ̀ sínú oòrùn tàbí nínú ọkọ̀ ojú omi ní ọ̀sán gangan. Bí a kò bá ní lò ó fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a máa ń fi í sílẹ̀ ní ìdajì agbára, ní ibi tí ó tutù tí kò sì ní ọ̀rinrin. Bátìrì tí ó bá ti wú kò ṣeé lò mọ́: a kò gbọ́dọ̀ gún un tàbí tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ó lè gbiná.

Edison kò gbé láyé rí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ṣùgbọ́n iye ọdún tí bátìrì lè lò ni ó fi dá tirẹ̀ lẹ́jọ́ ní ọdún 1904, kì í ṣe bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí a rà á, òun náà sì ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bátìrì rere títí di òní.